Ẹ Yẹ Táǹkì Wò Kí Ẹ Tó Yá Owó Ẹ́ńjìnnì

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó jẹ gbèsè tí wọn kò fẹ́ san. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni. A mọ̀ pé bí àwọn ìyá wa tó ń ta gàrí àti àwọn tó ń ta aṣọ bá gbọ́ èyí, wọn á ní, "Kí ló kàn wá nínú ẹ̀rọ fókánáísà?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, ẹ kà á dé òpin. Ó kàn yín, nítorí owó yín ni a fẹ́ fi tún un ṣe, iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ni àwọn ọmọ yín sì ń gbà lọ sí ilé ìwé láràárọ̀.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni ìwé ẹ̀yáwó kan tó dé iwájú ìgbìmọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé rẹ̀, tó ń lẹ táyà, tó ń géèjì, tó tún máa ń bá àwọn tó ń kun mọ́tò fọ́n ọ̀dà, ló ní kí a yá òun lówó kí òun fi tún kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ òun ṣe. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ náà ti pẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi ta á lọ́rẹ nígbà tó gba fíríìdọ́ọ̀mù. Ó ní kò lágbára mọ́. Bí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá dúró láti fẹ́ táyà, kí ẹyọ kan ṣoṣo tó kún, dẹ́rẹ́bà á ti jókòó, á dìde, á tún jókòó, á wá wakọ̀ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Iná ìjọba náà ò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Nítorí náà, ó fẹ́ yọ mọ́tọ̀ iná tó wà lórí rẹ̀ kúrò, kó fi ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróòlù rọ́pò, kó sì ra orí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tókúnbọ̀ tó tóbi ju ti àtijọ́ lọ. Táǹkì ńkọ́? Ó ní nǹkan kan ò ṣe táǹkì, òun á kàn kùn ún lọ́dà tuntun ni.

Bí a ti ka ìwé yìí tán ni ìgbìmọ̀ pín sí méjì. Àwọn kan ní, "Ẹ fún un jàre, ṣebí kì í jẹ gbèsè." Òótọ́ ni. Láti ìgbà tó ti wọ ẹgbẹ́, kò tíì sí oṣù kan tó pa owó dídá jẹ. Àwọn mìíràn ní kí a má fún un ní kọ́bọ̀, àfi bó bá fẹ́ ra odindi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tuntun látòkè délẹ̀. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí, a ò sí lẹ́yìn ọ̀kankan nínú wọn. Tiwa ni pé, owó àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni bá máa ná sórí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àtijọ́, táǹkì ni kó ná an lé, àti àwọn nǹkan kéékèèké tó ń ṣọ́ táǹkì. Orí ló tẹ̀ lé e. Ẹ́ńjìnnì ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí tó gbẹ̀yìn ṣíwájú, kí ẹgbẹ́ má yá a lówó, ì báà ṣe alága wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ara wa, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a kórìíra ìlọsíwájú.

Ní agbègbè tiwa yìí, láti Koro dé Ọ̀sì, láti Ọ̀sì dé Ìlọ́fà, a kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ ọwọ́. Aréògún ará Ọ̀sì, tó kú ní 1954, iṣẹ́ ọnà igi rẹ̀ wà lókè òkun lónìí níbi tí àwọn èèyàn ti ń sanwó wò ó. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ Bámigbóyè, tí í ṣe ọmọ agbègbè wa níbí, fún gbogbo ayé rí. Àwọn àgbà wọ̀nyí kò lè gbẹ́ igi láìsí irinṣẹ́, alágbẹ̀dẹ ló sì ń rọ irinṣẹ́. Kí ni alágbẹ̀dẹ fi ń fínná? Ẹwìrì ni. Ẹwìrì ni kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àwọn baba wa. Bí awọ ẹwìrì bá ya, alágbẹ̀dẹ kì í lọ wá ọmọ tó lápá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pé kó wá máa fínná. Awọ ni yóò kọ́kọ́ pààrọ̀. Ọgbọ́n yìí náà ni a ń sọ, kò sí òmíràn.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun ló sì ń bà wá lẹ́rù. Awọ ẹwìrì tó bá ya, atẹ́gùn á kàn sá jáde fìì, iná á sì rẹlẹ̀. Táǹkì irin tó bá ya nígbà tí atẹ́gùn kún inú rẹ̀, kì í ya jẹ́jẹ́. Ó ń bẹ́ bí àdó olóró ni. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì tí ìwé ìròyìn ti gbé e jáde ní ilẹ̀ wa pé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fókánáísà bẹ́, tó sì ṣe olówó rẹ̀ àti ẹni tó dúró tì í léṣe, tàbí tó tilẹ̀ pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, a ṣáà mọ ìṣirò, oníṣòwò ni wá. Bí ọwọ́ géèjì bá wà lórí 120, ohun tó ń sọ ni pé ibikíbi nínú táǹkì tó bá fẹ̀ ní íǹṣì kan, tó sì gùn ní íǹṣì kan, ẹrù 120 pọ́n-ùn ló ń tì í láti inú. Ẹ mú táǹkì tí ojú ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 16, irú èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa. Ojú ìdí náà gba nǹkan bí 200 irú íǹṣì bẹ́ẹ̀. 120 lọ́nà 200 jẹ́ 24,000 pọ́n-ùn. Bí a bá sọ ọ́ di kílò, ó lé ní 10,000. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kílò. Ìyẹn ni pé ẹrù àpò sìmẹ́ńtì tó lé ní 200 ló ń ti ìdí táǹkì kan ṣoṣo láti inú, tó fẹ́ jáde. Kí ló dá a dúró? Irin fẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, àti ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o pọ̀.

Irin yẹn ńkọ́, ṣé bó ti wà nígbà tí a rà á náà ló ṣe wà lónìí? Omi wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, bí a ò tilẹ̀ fojú rí i. Bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀, á gbóná. Bó bá dé inú táǹkì tó sì tutù, omi á yọ lára rẹ̀, á kán sílẹ̀, á sì rọ́ jọ sí ìsàlẹ̀. Lásìkò òjò ló máa ń pọ̀ jù. Lásìkò ọyẹ́, á dín kù. Ẹ bi àwọn tó ń fọ́n ọ̀dà mọ́tò léèrè, wọ́n á sọ fún yín bí omi ti máa ń bá ọ̀dà jáde lẹ́nu ìbọn wọn, tí iṣẹ́ á wá rí hẹ́bẹ́hẹ́bẹ́. Omi yìí kan náà, bí a ò bá tú u dànù lójoojúmọ́, irin ìdí táǹkì ló ń jẹ. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Láti inú ni ìpẹtà ti ń jẹ táǹkì bọ̀ wá síta. Ọ̀dà tuntun tí a bá kùn sí ẹ̀yìn rẹ̀ ò mọ ohunkóhun nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú. Bí irin bá sì ti jẹ títí tó ku ìdajì ìnípọn rẹ̀, ìdajì agbára rẹ̀ náà ló kù. Géèjì ò ní sọ fún wa o. Yóò ṣì máa ka 120 bó ti ń kà á nígbà tí táǹkì wà ní tuntun.

Ẹ wá rò ó wò, ẹ̀yin èèyàn wa. Irú táǹkì bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì ńlá lé.

Kí a má baà dájọ́ láìgbọ́ ẹnu ẹni méjèèjì, àwa méjì nínú ìgbìmọ̀ bá arákùnrin wa yìí dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A mú mẹkáníìkì kan tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa dání. Ohun tí a rí nìyí. Ẹnu ẹ̀rọ kékeré tó wà nísàlẹ̀ táǹkì, èyí tó yẹ kí a máa fi tú omi, ti di pátápátá. Arákùnrin wa fúnra rẹ̀ ò rántí ìgbà tó ṣí i kẹ́yìn. Nígbà tí a tú atẹ́gùn inú táǹkì tán pátápátá tí a sì fi ipá ṣí i, omi tó pupa bí omi èèpo igi ló tú jáde, èérún irin sì wà nínú rẹ̀. Fáàfù tó yẹ kó tú atẹ́gùn dànù nígbà tó bá ti pọ̀ jù, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò tipẹ́, wọ́n fi bóòtù dí ojú rẹ̀, torí pé ó ń jò. Ọwọ́ géèjì wà lórí 80, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ò sí nínú táǹkì rárá. Ó ti kú síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, a dí gbogbo rẹ̀ padà, a fi géèjì tó dára sí i, mẹkáníìkì ní kí a fún un ní atẹ́gùn díẹ̀, kó má ju 30 lọ, torí pé òun ò fọkàn tán irin náà. Ó po ọṣẹ sínú omi, ó sì ń fi kàn gbogbo oríkèé. Ọṣẹ hó níbi mẹ́ta: lẹ́nu họ́ọ̀sì, lára páìpù tó ti orí wá, àti lára fáàfù tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn padà sẹ́yìn. Nígbà tó sì ṣí orí wò, ríìngì písìtìn ti jẹ, ohun tó ń sẹ́ atẹ́gùn tó ń wọlé sì ti dí fún eruku. Ẹ ò rí i pé mọ́tọ̀ iná tí à ń bú látìgbà yìí ò jẹ̀bi ohunkóhun? Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ojú ọ̀nà mẹ́ta ni atẹ́gùn ti ń sá lọ. Bí a bá gbé ẹ́ńjìnnì ọlọ́pọ̀ owó lé e, bẹntiróòlù ni a ó máa sun láti fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú afẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà mọ́. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní oṣù kárùn-ún 2023, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà kan kò tó ₦200. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá 2024, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ẹni tó bá ń fi bẹntiróòlù fẹ́ táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ sì ń jò, owó rẹ̀ ló ń fọ́n sáfẹ́fẹ́ lójú ara rẹ̀.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀. A bi arákùnrin wa pé, "Ẹ́ńjìnnì tí o fẹ́ rà yìí, ìyípo mélòó ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan?" Ó ní òun ò mọ̀, pé ohun tí òun mọ̀ ni pé ó lágbára. Mẹkáníìkì bá mú ṣọ́ọ̀kì, ó ṣe ìṣirò rẹ̀ sára ògiri fún wa. Mọ́tọ̀ iná tó wà níbẹ̀ ń yí nígbà 1,440 ní ìṣẹ́jú kan. Púlì rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 5, púlì orí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sì fẹ̀ ní íǹṣì 12. 1,440 lọ́nà 5, kí a pín in sí 12, ó jẹ́ 600. Nígbà 600 ni orí ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn sì bá a lára mu. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kékeré, bí a bá fún un ní iná tán, ó lè yí dé 3,600. Bí a bá fi púlì íǹṣì 5 kan náà sí i, 3,600 lọ́nà 5, kí a pín in sí 12, ó jẹ́ 1,500. Orí tó ń yí 600 tẹ́lẹ̀ ni a ní kó wá máa yí 1,500 wàyí! Á gbóná, ọ́ìlì á jó, fáàfù inú rẹ̀ á ṣẹ́, owó ẹgbẹ́ á sì ti wọgbó. Bí a bá fẹ́ lo ẹ́ńjìnnì, púlì náà gbọ́dọ̀ yí padà. Bí a bá dín iná rẹ̀ kù dé 2,400, tí a sì fi púlì íǹṣì 3 sí i, 600 náà ni orí á máa yí. Nǹkan tí owó rẹ̀ kéré ni púlì, àmọ́ òun ló máa pinnu bóyá orí á lò tàbí á bàjẹ́.

Ẹ wò ó, a ò sọ pé arákùnrin wa ò gbọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ́ńjìnnì ló ń pariwo, òun ni oníbàárà ń rí, òun ni ẹlẹgbẹ́ ẹni á rí tí á ní, "Ọ̀gá, ẹ kú oríire." Ta ló máa kí èèyàn kú oríire nítorí ó pààrọ̀ fáàfù? Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń kọ́ òrùlé ṣíwájú ìpìlẹ̀.

Nígbà tí a bá a sọ̀rọ̀ báyìí, ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ wá lákínyẹmí ara. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, mo gbọ́. Àmọ́ tí mo bá gbé táǹkì yìí fún àyẹ̀wò tí wọ́n sì ní kò dára mọ́, kí ni mà á fi jẹun lọ́la? Ẹ ò rí i pé kí n má yẹ̀ ẹ́ wò ló sàn fún mi?"

Ọ̀rọ̀ gidi nìyí, a ò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Òun ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ń rò nínú tí wọn ò lè sọ jáde. Ebi ń pa èèyàn lónìí, táǹkì lè má bẹ́ títí di ọdún tó ń bọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká máa lò ó lọ. Ìdáhùn wa ni pé, ìdí gan-an tí a fi dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni, òótọ́ ni, kò sí ohun tó lè ṣe ju pé kó dijú kó máa gbàdúrà. Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Ní 1844, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ 28 ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da owó díẹ̀díẹ̀ jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ahunṣọ tí owó iṣẹ́ ò tó wọn jẹun. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, ara wọn ni irú ẹgbẹ́ tiwa yìí ti gbilẹ̀ káàkiri ayé. Ohun tí agbára ẹnì kan ò ká, tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ bá pa pọ̀, á ká a.

Nítorí náà, àbá tiwa rèé, tí a fẹ́ kí ìpàdé gbogbogbòò gbé yẹ̀ wò.

Èkínní, kí ẹgbẹ́ má yá ẹnikẹ́ni lówó láti fi kún agbára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àtijọ́, àfi bí a bá ti fi omi dán táǹkì rẹ̀ wò. Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ẹni tó mọṣẹ́ á rọ omi kún táǹkì bámúbámú, kó má ku afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀. Yóò wá fi ẹ̀rọ àfọwọ́fà ti omi náà títí agbára rẹ̀ á fi tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti èyí tí a fẹ́ máa lò. Bí a bá fẹ́ máa lo 120, a ó dán an dé 180. Bí géèjì bá dúró láìsọ̀ kalẹ̀, tí ibì kankan ò sì jò, tí ara táǹkì ò wú, ó yege. Kí ló dé tó fi jẹ́ omi, tí kì í ṣe atẹ́gùn? Atẹ́gùn ṣeé fún pọ̀. Bí géèjì bá wà lórí 120, a ti fún un pọ̀ ní bí ìlọ́po mẹ́sàn-án, bí táǹkì bá ya, gbogbo rẹ̀ á fẹ́ bẹ́ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Omi ò ṣeé fún pọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí táǹkì bá ya lọ́wọ́ omi, omi á kàn tú jáde ni, ariwo náà á sì tán síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi atẹ́gùn dán táǹkì wò o. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé táǹkì tó ti jẹ lọ fún wẹ́dà pé kó bá òun lẹ irin mọ́ ọn. Irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a lẹ̀ ti jẹ bákan náà, ọ́ìlì tó wà nínú táǹkì sì lè gbaná mọ́ wẹ́dà lọ́wọ́. Bákan náà, a ò fara mọ́ àwọn táǹkì tí wọ́n ń fi sílíńdà gáàsì àtijọ́ gé kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ra ẹ̀rọ àfọwọ́fà tí a fi ń dán táǹkì wò, ẹyọ kan péré, kí a fi í sọ́wọ́ akọ̀wé. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lò ó, kó san owó díẹ̀, kó sì pe mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n lò. Fókánáísà, àwọn tó ń kun mọ́tò, àwọn káfíńtà tó ń fọ́n ọ̀dà sára àga, gbogbo wọn ló máa wúlò fún. Ẹnì kan ò lè dá a rà, àmọ́ gbogbo wa lè rà á.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí táǹkì rẹ̀ bá kùnà, kí ẹgbẹ́ má fi sílẹ̀ pé kó lọ fọwọ́ lérán. Kí ẹ̀yáwó rẹ̀ jẹ́ èyí tí a ó tètè ṣe, kí a fi ra táǹkì tó ní àmì agbára tó lè gbà lára, pẹ̀lú fáàfù ààbò, géèjì, ẹnu ìtúmi, àti asà tó ń bo bẹ́líìtì. Kí owó náà ti ọwọ́ akápò bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń tajà, kó má gba ọwọ́ ẹnì kankan kọjá. Láàárín ìgbà náà, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó wá máa lo tiwọn fún wákàtí díẹ̀ lóòjọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé pé alaalẹ́ ni òun á máa tú omi inú táǹkì dànù. Kó sì kọ iye ìṣẹ́jú tí táǹkì fi ń kún láti òfo sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí iye náà bá ti ń gùn sí i, kó tètè mọ̀ pé nǹkan ti ń jò tàbí ríìngì ti ń jẹ. Wíwò nìkan ni, kò ná an ní kọ́bọ̀.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ sọ ọ́. Òfin ilé iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1987 ti là á sílẹ̀ pé táǹkì atẹ́gùn ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní àmì agbára tó lè gbà, fáàfù ààbò, géèjì àti ibi ìtúmi, kí ẹni tó mọṣẹ́ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò látìgbàdégbà. Bóyá ọlọ́pàá òfin dé ẹ̀yìn ilé wa tàbí kò dé, irin ò mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ ńlá ni òun wà tàbí ṣọ́ọ̀bù kékeré. Bó bá ti jẹ tán, yóò ya.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín ló kù yìí. Àwọn méjì tó fọwọ́ sí ìwé arákùnrin wa gẹ́gẹ́ bí onídùúró, ọ̀kan ń ta gàrí, ìkejì ń ta aṣọ. Bí táǹkì bá bẹ́, kì í ṣe pé iṣẹ́ á dúró nìkan. Bí ẹ̀mí bá lọ síbẹ̀, ta ló máa san gbèsè? Onídùúró ni. Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ dúró fún òun lórí owó ẹ̀rọ, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó tẹ̀ka: "Ǹjẹ́ o ti yẹ táǹkì wò? Fáàfù ààbò rẹ̀ dà?" Ìbéèrè méjì péré ni. Kò pọn dandan kéèyàn jẹ́ mẹkáníìkì kó tó lè bi í. Bẹ́ ẹ bá sì rí ọmọ tó jókòó lórí táǹkì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bí a ti ń rí i lójoojúmọ́, ẹ pè é kúrò níbẹ̀, ọmọ yín ni o, ọmọ ẹlòmíràn ni o.

Ní ti arákùnrin wa, ó ti pààrọ̀ họ́ọ̀sì, ó ti ra ríìngì tuntun, kò sì tíì fọwọ́ kan owó ẹgbẹ́. Ó ti gbà pé kí a fi omi dán táǹkì náà wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyà rẹ̀ ń já. Títí di ìgbà náà, ó ti gbà láti máa lo ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ yẹn, ẹni tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun. Bí táǹkì bá yege, a ó yá a lówó orí àti púlì tó yẹ. Bí kò bá yege, a ó yá a lówó táǹkì. Èyíkéyìí tó bá já sí, ẹgbẹ́ ò ní pàdánù, òun náà ò sì ní pàdánù, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yin tó wà ní ìpàdé bá ti fọwọ́ sí i. Ẹ wá lọ́pọ̀ yanturu o, kí ẹ wá dìbò yín. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ wa, kó wá sọ ọ́ lójú ìpàdé, kó má sọ ọ́ lẹ́yìn ọjà.

Ire o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi owó ẹgbẹ́ ra àdánù.